Ohun Tó Ń Kùn Nílé Má-Fọwọ́-Kàn-Án

Ohun kan ń kùn nínú ilé kan. Ènìyàn mẹ́ta ló ń gbé ilé náà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gbọ́ ọ. Ìwọ tí o mú ìwé yìí lọ́wọ́, bá wa wá a.

Ọkùnrin tó ni ilé náà máa ń ya àwòrán ilé fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé. Ojú rẹ̀ mú. Bí ìlà kan bá fi ìwọ̀n irun orí yà kúrò níbi tó yẹ, yóò rí i, yóò sì pe ẹni tó fà á ní òpè. Ní ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì í.

Ohun tó fẹ́ràn jù láyé ni pléyà tó fi ń gbọ́ orin, tó sì fi ń wo fíìmù. Kì í ṣe irú èyí tí èmi àti ìwọ mọ̀, tí a máa ń gbá lórí kó tó ka àwo orin. Tirẹ̀ wúwo bí àpótí irin. Tí ó bá tẹ bọ́tìnnì, ẹnu pléyà náà á yọ jáde jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ tó na ọwọ́ méjèèjì gba nǹkan. Ó ní tábìlì òkúta tirẹ̀, sípíkà méje tó yí yàrá ká, àti aṣọ múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń nu àwo. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọdọ̀ nu eruku ara pléyà náà. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò gbọdọ̀ kọjá tépù pupa tí bàbá rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án.

"Ọ̀gá Má-Fọwọ́-Kàn-Án, ẹ kúulé o! Ṣé a lè fojú kàn án?" Bí wọ́n ṣe ń kí i láti ojú ọ̀nà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, láàárín orin méjì, níbi tó yẹ kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ó gbọ́ nǹkan tó ń kùn. Ó tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó ṣì ń kùn. Ó pààrọ̀ sípíkà. Ó ṣì ń kùn. Ó dá pléyà náà padà fún ẹni tó tà á, ó gba òmíràn tó jù ú lọ. Kùùùn. Gbogbo ohun tó gbìyànjú ló ń kọ sínú ìwé kan, ojú ewé mọ́kànlélógójì, tó sì ń fagi lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí kò rí ẹ̀bi lára ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lára ènìyàn. Ó ní fíríìjì ìyàwó òun ni. Wọ́n pa fíríìjì, ọbẹ̀ kan. Ó ní fáànù ni. Wọ́n pa fáànù, gbogbo wọn ń làágùn bí ẹni tó ń lagi. Ó gbéra, ó lọ bá aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jà, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni.

"Ẹ̀rọ tí mò ń fẹsẹ̀ tẹ̀?" ni aránṣọ náà bi í. "Àbí ẹsẹ̀ mi ló ń kùn? Ọ̀gá, ẹ lọ sinmi jàre."

Ìyàwó rẹ̀ fara dà á títí. Ó sọ fún un pé, "Dádì, mi ò gbọ́ nǹkan kan o."

"Etí ẹ ló ti di!" lọkùnrin náà fi dá a lóhùn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ yọ́ wọlé, ó jókòó sẹ́yìn tépù pupa, ó fi ọwọ́ gbá orúnkún mọ́ra. Ó fẹ́ bá bàbá rẹ̀ gbọ́ orin ni. Ọkùnrin náà dá orin dúró.

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Dádì, mò ń mí ni."

"Jáde. Lọ máa mí níta."

Ọmọ náà dìde. Kò sunkún. Ó fi ìka méjì fún imú rẹ̀ pọ̀, ó sì ń yọ́ rìn bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá rẹ̀ rí i. Ó di ẹrù, ó mú ọmọ, ó forí lé ilé bàbá tirẹ̀. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ilé ti dákẹ́ fún yín báyìí. Ẹ máa gbádùn ẹ̀."

Ilé dákẹ́ lóòótọ́. Ọkùnrin náà ki àwo bọ ẹ̀rọ. Kùùùn. Ó ju rìmóòtù mọ́ ògiri, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó ti lé gbogbo ènìyàn jáde, ohun tó ń kùn kò bá wọn lọ.

Nígbà tí gbogbo ọgbọ́n tán, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ iná. Wọ́n jọ lọ ilé ìwé ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ọkùnrin náà ti ń sá fún un nítorí ọ̀rọ̀ Jésù tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. "Pásítọ̀ Oníwáyà" ló máa ń pè é láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Oníná dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó yẹ gbogbo ihò iná wò. Ó yẹ wáyà tó wọlẹ̀ lẹ́yìnkùlé wò. "Kò sí nǹkan tó ṣe iná ilé yìí," ló wí.

"Irọ́ ni! Ó ń kùn. Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Mi ò gbọ́. Jókòó ná."

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì já súwìṣì ńlá tó ń gba iná fún gbogbo ilé wálẹ̀. Iná kékeré tó wà lójú pléyà kú pii. Ó padà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti pa gbogbo ẹ̀. Ṣé o ṣì ń gbọ́ ọ?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ méjèèjì bo etí. "Ó tún wá le sí i."

Oníná rìn kọjá tépù pupa, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Etí ẹ ló ń kùn. Ọdún mélòó lo ti ń fi sípíkà méje lu ú? Lọ rí dókítà etí."

"Mo ní kí ọmọ mi lọ máa mí níta." Ọkùnrin náà wo ẹnu ọ̀nà.

"Etí kọ́ lọ̀rọ̀ yẹn ti jáde o. Wáyà wo lo fẹ́ pààrọ̀ fún ìyẹn?"

"Má wàásù fún mi nínú ilé mi!"

"Ó dáa. Jẹ́ kí n lọ taná padà."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọkùnrin náà tó pè é. "Má tíì tàn án. Kí ni kí n ṣe?"

"Èmi náà wá ohun tó ń bí mi nínú káàkiri rí," ni Oníná wí. "Mo ní ọ̀gá mi ni, mo ní ilé ayé ni. Inú mi ló wà. Jésù ló sọ ọ́, pé láti inú ọkàn ènìyàn ni ibi ti ń jáde. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an ló kú fún, ó sì jíǹde. Òun nìkan lọ́wọ́ rẹ̀ tó ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í jalẹ̀kùn. Má-fọwọ́-kàn-án tí o ń sọ fún wa, ṣé o rò pé àwa nìkan lo ń sọ ọ́ fún?"

Ọkùnrin tó mọ àṣìṣe gbogbo ènìyàn kúnlẹ̀ lórí tépù pupa. Ó wá ọ̀rọ̀ ńlá, kò rí. "Olúwa," ló wí, "kì í ṣe fíríìjì. Kì í ṣe ìyàwó mi, kì í ṣe ọmọ. Èmi ni. Dárí jì mí. Jọ̀ọ́, fọwọ́ kàn mí." Ó wá sunkún bí ọmọdé.

Dókítà sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí etí náà máa kùn títí lọ, òun ì bá sì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ó tètè wá. Ọkùnrin náà ká tépù pupa nílẹ̀, ó lọ sílé àna rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń ṣeré nínú àgbàlá. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀, ó fi ìka méjì fún imú rẹ̀ pọ̀.

Ọkùnrin náà wólẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. "Mí, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, mí."

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a padà lọ́jọ́ náà. Ó ní òun á kọ́kọ́ wò ó ná. Oṣù méjì ló fi wò ó kó tó padà sílé. Lónìí, ọmọ náà ló ń ki àwo bọ ẹ̀rọ fún bàbá rẹ̀, àmì ìka rẹ̀ wà lára gbogbo rẹ̀. Etí ṣì ń kùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò wá ẹni tó máa dá lẹ́bi mọ́.

Ìwọ tí o bá wa wá a, ta ni o ti lé jáde? Iṣẹ́ wo lo ti fi sílẹ̀, ìyàwó wo, ìjọ wo, tí ohun tó ń bí ọ nínú sì tún bá ọ dé ibòmíràn? Pa ohun gbogbo tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ fún ìṣẹ́jú kan. Fetí sílẹ̀. Bí o bá ṣì ń gbọ́ ọ, o ti rí ibi tó wà nìyẹn.

Má dúró dọ̀la, nítorí àìsàn tí a kò tètè gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà máa ń le sí i ni. Níbi tí o wà yìí, sọ fún Jésù pé, "Èmi ni." Kò ní kà á sí ọ lọ́rùn. Ó pẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà ní nínà. Jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.