Ẹnu Ọ̀nà Tí Wọ́n Ní Aburú Kì í Ti Ṣẹlẹ̀

Kẹ́tùlù ti hó, iná rẹ̀ sì ti kú fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n Dympna ò tíì dìde láti po tíì. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Colman ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì pa bọ́tà sára búrẹ́dì, búrẹ́dì náà sì ń sá kiri lórí àwo. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú aṣọ tí dókítà fi gbé e kọ́ ọrùn. Ní ọjọ́ mìíràn, Dympna ì bá ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀rín ò wá.

Gbogbo àdúgbò wọn ní ìlú Athlone ló mọ̀ pé Colman Tierney ṣubú. Òjò rọ̀, àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé ń yọ̀, ó fẹsẹ̀ lé e, ó ṣubú, èjìká ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló sọ fún dókítà, bẹ́ẹ̀ ló sì ń sọ fún àwọn tó ń kí i lẹ́yìn Mísà. Irọ́ ni. Dympna dúró tì í ní yàrá dókítà nígbà tó ń pa irọ́ náà, ó di báàgì rẹ̀ mú, kò sọ nǹkan kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Ẹ̀ṣọ́ aláàbò ni Colman, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ló ń dúró sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọkùnrin méjì ń gbé ìgò ọtí jáde láìsanwó. Ó ní kí wọ́n dá a padà. Wọ́n tì í lu àwọn kẹ̀kẹ́ tí oníbàárà fi ń kó ọjà, nígbà tó sì dé ilẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fi bàtà tẹ̀ ẹ́ léjìká. Òun nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà.

Cathal Fallon, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, ló sáré fi mọ́tò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, Dympna sì lọ bá wọn níbẹ̀. Inú mọ́tò yẹn ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Cathal ní àkókò tí ṣọ́ọ̀bù máa tún àdéhùn ṣe pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ àwọn ti dé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìjà ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, gbogbo àwọn á sì jókòó sílé.

"Ṣáà sọ pé o ṣubú nílé," ni Cathal wí. "Mi ò ní gbàgbé ẹ."

Colman gbà. Ó ní ìdí tó fi gbà. Nígbà tí bàbá Colman kú, Cathal wà lára àwọn tó gbé pósí lé èjìká láti ṣọ́ọ̀ṣì dé itẹ́ òkú. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá bá ọ gbé òkú bàbá rẹ ti kúrò ní ọ̀gá, ó ti di ẹbí, èèyàn kì í sì í fẹjọ́ ẹbí sun. Àwa náà la tún máa ń sọ pé "kò burú" bí wọ́n bá kí wa, kódà bí ilé bá ń jó lórí wa.

Àmọ́ nǹkan ti burú. Owó àìsàn ọjọ́ mélòó kan tí òfin ní kí wọ́n san fún gbogbo òṣìṣẹ́ ti tán. Cathal gbé kéèkì eléso wá lẹ́ẹ̀kan, kò sì padà wá mọ́. Colman wá ń sọ pé òun á padà síṣẹ́, pé ṣebí ìdúró lásán ni, òun á máa fi ọwọ́ òsì ṣí ilẹ̀kùn. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí nǹkan bá tún gbá èjìká yẹn kó tó jinná, ó lè má ṣeé gbé sókè mọ́. Oorun ò kùn Dympna mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tí Colman ń bá búrẹ́dì jà yẹn, Nuala Henehan kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tí wọ́n fi sí ipò Colman nìyẹn, abiyamọ, ẹnì kan tó máa ń pariwo sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní pápá bọ́ọ̀lù. Ó gbé búrẹ́dì tó yan fúnra rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní láti àárọ̀ dé alẹ́ lòun máa ń dúró, orí ìdúró lòun ti ń jẹun, nítorí kò sẹ́ni tó máa gba ipò òun kí òun jókòó ìṣẹ́jú díẹ̀. Òun ti bẹ Cathal pé kó fi ẹnì kejì kún òun, ó kéré tán ní ìrọ̀lẹ́.

"Ó ní nítorí kí ni," ni Nuala wí. "Ó ní nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ rí lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Colman, ìwọ lo ti pẹ́ níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Colman wo inú kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀. "Kò burú níbẹ̀," ló sọ.

Nuala mí kanlẹ̀, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ti ń sọ ara òun di ojo ni. Ó ní àwọn ọkùnrin méjì kan ló bà òun lẹ́rù lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dúró ti òun lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi òun pé báwo ni èjìká bàbá àgbà yẹn ti ń ṣe sí.

"Mo ní ó ń san," ni Nuala wí. "Mo ní mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí Nuala lọ tán, tọkọtaya náà ò lè wo ojú ara wọn.

Ní ọjọ́ kejì, Dympna gbé kóòtù rẹ̀ wọ̀, ó gba ibi tí wọ́n ti ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé. Ìyáàfin Attracta Mulqueen ló bá níbẹ̀, àgbàlagbà obìnrin tó ń fi gíláàsì ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, tó sì máa ń wá a kiri orí tábìlì síbẹ̀. Dympna ní ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan ló gbé òun wá, ọkọ ọ̀rẹ́ náà jẹ́ ẹ̀ṣọ́, wọ́n lù ú lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti sọ pé òun ṣubú.

"Ọ̀rẹ́ rẹ yìí," ni Attracta wí, "ṣé èjìká ọkọ ẹ̀ náà ló ṣẹ́, tí mo rí i lọ́jọ́ Àìkú tó ń fi ọwọ́ òsì gba Kómúníọ̀nù?"

Omi bọ́ lójú Dympna. Attracta ti páálí ìnujú sí i.

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní òfin tirẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Iye tó kéré jù tí wọ́n lè san fún ẹ̀ṣọ́ fún wákàtí kan wà nínú rẹ̀, ó sì ju iye tó kéré jù fún gbogbogbòò lọ. Kò sí ọ̀gá tó lè ní òun ò mọ̀. Ẹni tó bá dúró fún wákàtí tó pọ̀ gbọ́dọ̀ ní àyè láti jókòó jẹun, kì í ṣe ojú rere ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tí Dympna ò gbọ́ rí: bí wọ́n bá lu ẹ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí rẹ̀, owó kan wà lọ́tọ̀ tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san fún un nígbà tó wà nílé.

"Àmọ́ ẹni tí wọ́n lù ni òfin ń wí," ni Attracta wí. "Òfin ò mọ ẹni tó ṣubú lẹ́yìnkùlé ara ẹ̀."

Dympna ní bí Colman bá wá yí ọ̀rọ̀ padà, ṣé wọn ò ní lé e? Attracta ní òfin ò gbà kí wọ́n fìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí pé ó béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, wọn kì í gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kó má ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀ kó tó fẹjọ́ sùn. Ó tún ní kí wọ́n yára, nítorí àwòrán inú kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù kì í wà níbẹ̀ títí ayé.

"Ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà náà báyìí?" ló béèrè.

Dympna gbé báàgì rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré lọ sílé.

Dympna sọ gbogbo rẹ̀ fún Colman. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan aṣọ tó gbé apá rẹ̀ kọ́. "Nígbà tí a gbé bàbá mi," ló wí, "èjìká yìí ni Cathal di mú lábẹ́ pósí. Ṣé èmi ló máa wá fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu Dympna.

"Cathal bá ọ gbé bàbá rẹ, mi ò jiyàn. Ta ni ẹ fẹ́ kó bá yín gbé Nuala?"

Colman dìde, ó na ọwọ́ òsì sí fóònù. Nuala ló kọ́kọ́ pè. Ó ní kó má dá dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn nírọ̀lẹ́, pé àwọn ọkùnrin méjì tó rí yẹn ló ṣẹ́ òun léjìká, pé òun ti parọ́ fún un lójúkojú. Nuala sọ̀rọ̀ kan sí i tí a ò lè kọ síbí. Colman ní ó tọ́ sí òun.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà ni wọ́n lọ bá ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lọ tún ọ̀rọ̀ sọ fún dókítà, Colman sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pé lílù ni wọ́n lu òun, ó ní kí ṣọ́ọ̀bù má pa àwòrán ọjọ́ náà rẹ́. Dympna ò jẹun dáadáa títí Cathal fi dé. Cathal ò jókòó. Ó ní Colman ti ba iṣẹ́ gbogbo àwọn jẹ́. Ó ní òun ò lérò pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí òun.

"Cathal," ni Colman wí, "mi ò ṣubú. Ìwọ náà sì mọ̀."

Cathal jáde láìdágbére.

Ṣọ́ọ̀bù ò gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, wọn ò sì lé ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n rí àwòrán náà, àwọn fúnra wọn ló ní kí ẹ̀ṣọ́ di méjì nírọ̀lẹ́. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ owó Colman falẹ̀, Attracta bá a kọ̀wé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Nuala ń jókòó jẹun báyìí. Ṣùgbọ́n Cathal ṣì ń gba apá kejì ọ̀nà bí wọ́n bá jáde nínú Mísà, ó sì ń dun Colman. A ò ní pa á mọ́ fún yín.

Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, lọ béèrè iye tí òfin ní kí wọ́n san fún ọ àti àkókò ìsinmi tó jẹ́ tìrẹ. Má dúró dìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá lù ọ́, sọ fún dókítà pé wọ́n lù ọ́, sọ fún ọlọ́pàá, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rẹ, ẹni yòówù kó bẹ̀ ọ́ pé kó o bo òun láṣìírí. Bí wọn ò bá ṣe ohun tó tọ́, má jẹ́ kí oṣù mẹ́fà kọjá kó o tó fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ àjọ ìjọba náà. Ìwọ ìyàwó tàbí ọkọ tó dúró ti ẹ̀ṣọ́ náà ní yàrá dókítà, ìwọ náà la ń bá wí. Ẹlòmíràn ló máa dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́la, ohun tí ẹ bá sọ lónìí nìkan ló máa mọ̀.