Táyà Méjì Tó Ṣẹ́kù ní Gemring

Alùpùpù Omkar Sahni ni wọ́n kọ́kọ́ rí kí wọ́n tó rí Omkar fúnra rẹ̀. Ó há sáàárín igi méjì nínú ọ̀gbun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè bí aáyán tí wọ́n fi bàtà gbá. Ẹni tó ni ín wà nísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, lẹ́bàá odò, kò sì ní gun ohunkóhun mọ́ láyé.

Okùn ni àwọn awakọ̀ tírélà so mọ́ Ìsípẹ́kítọ̀ Yangchen níbàdí kó tó lè sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Òun nìkan ni ọlọ́pàá tó wà ní abúlé orí òkè Gemring, ìjọba kọ́ ló sì rán an wá. Ìsinmi ló ti ń bọ̀ tí òkè fi ya lulẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní kóun ṣẹ́rí padà, òkè mìíràn ya lulẹ̀ lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni òun, àwọn awakọ̀, àwọn arìnrìn-àjò àti odidi ọkọ̀ àgùntàn kan ti há sí abúlé náà bí ẹ̀pà inú èèpo. Fóònù ò lọ. Hẹlikópítà ò lè wọ inú kùrukùru. Ìrẹsì àti ẹ̀wà pupa láàárọ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà pupa lálẹ́, títí tí kálukú fi ń wo ẹnì kejì bíi pé òun ló sè é.

Yangchen fi ọwọ́ pa táyà ẹ̀yìn alùpùpù náà. Ó ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́. Àárín rẹ̀ ti jẹ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, bẹ́ẹ̀ eyín táyà náà ṣì jinlẹ̀ ní etí lọ́tùn-ún lósì. Ó wo ti iwájú, bákan náà ló rí. Ó ní kí wọ́n so okùn mọ́ ọn.

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ wà lókè. Nakul Bhasin ni, ẹnjiníà láti Chandigarh, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó bá Omkar gun alùpùpù wá sí orí òkè. Bí wọ́n ṣe fi okùn fa alùpùpù náà gòkè ló ti dá ẹjọ́ tán.

"Ẹ wo táyà," ó ń sọ fún àwọn awakọ̀. "Àná ni Angrup ta táyà tuntun fún un. Ṣé tuntun lẹ pe eléyìí? Jàǹdùkú yẹn ló pa ọ̀rẹ́ wa."

Inú ti ń bí àwọn awakọ̀ náà látọjọ́ tí òkè ti ya, ṣùgbọ́n òkè kò ṣeé nà. Angrup ṣeé nà. Ni wọ́n bá kọrí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnì kan sì ti gbé gálọ̀nù kẹrosíìnì dání.

Yangchen gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé, ó ṣáájú wọn débẹ̀. Angrup oníṣẹ́ táyà jókòó, ó ń mu tíì oníbọ́tà rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Kó tó gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yangchen, èmi? Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń lẹ táyà látìgbà tí o ti há síbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa ẹnu yín dé, ẹ wọlé."

Ó tì í sínú yàrá tó ń kó táyà sí, torí ilẹ̀kùn ibẹ̀ nìkan ló ní àgádágodo tó dáa ní gbogbo Gemring. Ó kó kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì dúró síwájú ilé.

"Mo ti mú un," ó sọ fún àwọn awakọ̀. "Ẹlẹ́wọ̀n ìjọba ló wà nínú ilé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ sun ún, kó kọ́kọ́ bá mi dúró síbí kí n gba orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀."

Ẹni tó gbé gálọ̀nù dání rántí pé sítóòfù òun ló fẹ́ rọ ọ́ sí.

Nígbà tí wọ́n túká, Yangchen lọ síbi fèrèsé yàrá náà. Fèrèsé ọ̀hún kéré débi pé imú Angrup nìkan ló yọ síta.

"Katakata ìjọba tó ń kó ẹrẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ń bọ̀," Angrup ní. "Ṣé ò ń gbọ́ ìró rẹ̀? Wọ́n ní ọ̀nà á ṣí kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Tó bá ti ṣí, kálukú á gun alùpùpù rẹ̀ lọ, wọ́n á sì gbé èmi lọ sí kóòtù ní Kullu. Ta ló máa gba oníṣẹ́ táyà gbọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ra táyà fún mi."

"Omkar àti ẹnjiníà yẹn ni wọ́n jọ wá láàárọ̀ àná. Irú alùpùpù kan náà ni wọ́n ń gùn, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Mo ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún fún mi ná, torí kì í ṣe ojú ni wọ́n fi ń yan táyà. Èyí tó rọ̀ máa ń di ọ̀nà mú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jẹ. Èyí tó le máa ń pẹ́, àmọ́ tó bá ti rí òjò, ó di ọṣẹ. Èyí tó wà láàárín, tó lè ru ẹrù rìn jìnnà tó sì lè tẹ̀ sí kọ́nà nínú omi, ẹyọ méjì péré ló ṣẹ́kù: iwájú kan, ẹ̀yìn kan. Ẹnjiníà wò ó, ó yínmú, ó ní tòun á gbé òun délé. Omkar rà á. Nígbà tó di ọ̀sán, òjò ńlá yẹn rọ̀, ni ẹnjiníà bá padà wá pẹ̀lú ojú ìbẹ̀rù. Mo ní ó ti tán."

"Táyà tí ẹ bọ́ lẹ́sẹ̀ alùpùpù Omkar ńkọ́?"

"Orí wọn ni mo jókòó lé."

"Ibo ló ti jẹ?"

Imú Angrup kúrò lójú fèrèsé, ó tún padà. "Etí ni. Àárín ṣì dáa. Ọmọ Shimla ni, ìlú orí òkè, kọ́nà ni ayé rẹ̀."

"Ẹ máa jókòó lé wọn lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé wọn."

"Ta ló máa gbé wọn? Ṣebí ìwọ lo ti mí mọ́bí."

Nílé Ìyá Palmo, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò dé sí, Yangchen ní kí gbogbo wọn jókòó yí sítóòfù ká. Ẹnì kẹta tó bá Omkar rìn wà níbẹ̀, Parag, dókítà eléyín láti Delhi. Gírísì dúdú kún èékánná rẹ̀. Yangchen wo ọwọ́ náà. Parag kó o pa mọ́ sábẹ́ itan. Yangchen ò gbójú kúrò.

Parag bá kúnlẹ̀. "Màdáámù, èmi ni. Mo jẹ́wọ́."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Palmo.

"Kí lẹ jẹ́wọ́?"

"Ọtí Omkar. Mo já àpótí ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ lálẹ́ àná, mo sì mu ún tán. Òun ni ì bá ti fún mi, ahun ni... kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un."

"Dìde níbẹ̀, ọmùtí," Ìyá Palmo ní, ó ń wá ṣíbí rẹ̀. "Àyà mi já láìnídìí."

"Nígbà tí ẹ ń jí ọtí," Yangchen ní, "ẹ rí táyà rẹ̀?"

"Ẹrẹ̀ ló bò ó, Màdáámù. Ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu. Omkar máa ń nu alùpùpù yẹn bí ẹni ń wẹ ìyàwó."

"Ibo ló gùn ún lọ lánàá tí ẹrẹ̀ fi bò ó?"

"Kò gùn ún lọ síbì kankan," Ìyá Palmo dáhùn. "Láti ṣọ́ọ̀bù Angrup ló ti tì í wá sínú búkà ẹ̀yìn ilé mi. Ó gba ọsàn wẹ́wẹ́ méjì àti ṣúgà pupa lọ́wọ́ mi. Ó fi ṣúgà pa táyà lára, ó ki ọsàn sábẹ́ wọn, ó sì tì í gorí wọn kí ibi má bàa bá a rìn. Ewúrẹ́ mi ò jẹ́ kó sinmi, ó ń lá táyà ṣúgà náà. Omkar fi akoto lé e títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa lọ wo katakata. Ẹnjiníà nìkan ló ní orí ń fọ́ òun, ó dúró sílé."

"Ó ń fọ́ mi lóòótọ́," Nakul ní. "Ẹ̀wà yín ni."

Yangchen yíjú sí i. "Ẹ̀yin náà ti fi ọsàn ṣe bẹ́ẹ̀ fún táyà yín?"

Nakul rẹ́rìn-ín. "Èmi? Màdáámù, ẹnjiníà ni mí. Kò sí táyà mi kan tó gun ọsàn rí."

"Àwọn táyà tó wà lẹ́sẹ̀ alùpùpù yín báyìí, Angrup ti fọwọ́ kàn wọ́n?"

"Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àwọn tí mo gùn wá láti ilé ni."

"Ó dáa," Yangchen ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò wọ́n."

Wọ́n jọ wọ búkà lọ. Alùpùpù Parag ni wọ́n kọ́kọ́ rí, kúkúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ti Nakul dúró sí. Ewúrẹ́ Ìyá Palmo sì wà nídìí rẹ̀, ó di ojú, ó ń lá táyà iwájú bí ẹni ń gbàdúrà.

Nakul fò sí i. "Ẹ lé ẹranko yìí."

"Ẹ fi í sílẹ̀," Yangchen ní. "Láti àárọ̀, òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá nínú abúlé yìí."

Ó yọ pín-ìnnì lára irun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tú ẹrẹ̀ kúrò láàárín eyín táyà. Kóró ọsàn wẹ́wẹ́ kan jáde, ó tẹ́ bí ìdun. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó nà án sí Nakul.

"Ẹnjiníà, ta ló ni kóró yìí?"

Nakul tún na ọwọ́ sí ewúrẹ́ láti lé e.

"Jẹ́ kí n bá ẹ sọ ọ́," Yangchen ní. Ó ti fi 'ẹ̀yin' sílẹ̀ sínú ilé. "Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ alùpùpù olóògbé jẹ láàárín. Ọ̀nà tààrà ló ń jẹ táyà báyẹn, ọ̀nà márosẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ níbi tí o ti wá. Táyà ti Omkar alára wà ní ṣọ́ọ̀bù Angrup, etí ló ti jẹ. Nítorí náà táyà inú ọ̀gbun kì í ṣe tuntun tí Angrup tà, kì í sì í ṣe ògbólógbòó Omkar. Ti ẹnì kẹta ni. Ẹsẹ̀ alùpùpù dókítà kéré, kò lè wọ ti Omkar. Tìẹ wọ̀ ọ́ láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Bí orí ṣe ń fọ́ ẹ lánàá, o mú sípánà, o tú rímù mẹ́rin, o pààrọ̀ wọn, o sì fi ẹrẹ̀ pa gbogbo rẹ̀ kójú má bàa mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ yìí, nínú kùrukùru, Omkar lọ wò ó bóyá katakata ti ṣí ọ̀nà tó gba alùpùpù. Kọ́nà kan péré ló dé."

 Ewúrẹ́ ṣì ń lá táyà lọ.

"Mo bẹ Omkar lánàá," Nakul ní. Kò wo ẹnì kankan. "Mo ní kó fún mi ní ti ẹ̀yìn nìkan. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ ti wo ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ yẹn? Kọ́nà lórí kọ́nà, omi, ẹrẹ̀. N ò mọ kọ́nà gbà, Màdáámù. Títì tààrà ni mo mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dijú, mo ń rí ara mi nínú ọ̀gbun. Òun mọ alùpùpù gùn jù mí lọ. Mo rò pé kò ní ṣubú."

Parag jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàkíyèsí pé ìró katakata ti dá. Gbogbo wọn gbé orí sókè. Ariwo gìrìrì kan jáde láti ìhà gúúsù, ó pẹ́, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Awakọ̀ kan sáré dé, ẹrẹ̀ bò ó dé ojú.

"Òkè tún ti ya," ó ní. "Katakata fúnra rẹ̀ ló há báyìí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n wí, bóyá."

Ìyá Palmo káwọ́ lérí. "Ta ló máa jókòó ti ọkùnrin yìí jẹun fún odidi ọ̀sẹ̀ kan?"

Yangchen mú Nakul lọ́wọ́, ó fà á gba àárín àwọn awakọ̀ tí kò lè wo ojú ara wọn, títí dé ṣọ́ọ̀bù Angrup. Ó ṣí àgádágodo. Angrup jáde, ó ń ṣẹ́jú sí ìmọ́lẹ̀. Yangchen tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó fi de Nakul lọ́wọ́.

Angrup wo ẹnjiníà náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó padà sínú ilé, ó mú kúbùsù tirẹ̀ wá, ó sì gbé e lé e léjìká.

"Òtútù wà níbẹ̀ lóru," ó ní. "Àmọ́ táyà pọ̀. Yan èyí tó bá wù ẹ́."