Ọwọ́ Tí Ń Yàwòrán Nínú Ìpàdé

Nígbà tí wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù irin inú yàrá ìpàdé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, òfìfo ni wọ́n bá. Àwòrán afárá tuntun, tí ẹnjiníà ọ̀dọ́ ilé iṣẹ́ náà fi ọdún méjì yà, ti pòórá. Àgádágodo ò ní àpá kankan, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń bẹ lọ́rùn Ìyá Akọ̀wé. Kí ọlọ́pàá tó dé, ọ̀gá àgbà ti dá ìyá náà lẹ́bi níwájú igbákejì rẹ̀ àti ẹnjiníà náà.

Désàlẹ̀-Ìkòkò ni àwọn ẹgbẹ́ ń pe ìsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá, nítorí kì í tú iṣu dé àárín kó sinmi. Ẹjọ́ tó bá tètè parí máa ń kọ ọ́ lóminú.

"Ìyá, ta lẹ fún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà. Ọrùn mi ni mo ń fi kọ́. Àfi ní ìpàdé ọjọ́ Ajé, tí mo máa ń gbé e sórí tábìlì." Ìyá Akọ̀wé wà lórí ìdúró. "Ó ku oṣù mẹ́ta kí n fẹ̀yìn tì, sà. Ẹ má jẹ́ kí n tibi iṣẹ́ dèrò ẹ̀wọ̀n."

"Ta ló jókòó tì yín lọ́jọ́ Ajé?"

"Ìjókòó wa ò létò, sà. Ìwé ni mo dojú kọ."

"Ìwé wo?" ni ọ̀gá àgbà dá sí i. "Àwòrán ló ń yà! Kúẹ́rì méjì ni mo ti fún un lórí ẹ̀."

Ká má purọ́, ìpàdé ọ̀gá yìí, tó bá bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án, ebi ọ̀sán ló ń tú u ká. Bíírò ni ìyá fi ń lé oorun. Ìsípẹ́kítọ̀ gba ìwé náà, ó ṣí i, ẹnu rẹ̀ ò sì padé mọ́. Etí ìwé kún fún ọwọ́ èèyàn, ife tíì, ìdè kọ́kọ́rọ́. Iṣan ọwọ́ hàn, ìdọ̀tí abẹ́ èékánná pàápàá hàn. Ó ti rí fọ́tò tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ó wo ojú ewé mẹ́ta ti ìpàdé ọjọ́ Ajé láwòtúnwò, ó wá gbórí sókè.

"Kí gbogbo yín gbé ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì."

Ọ̀gá àgbà gbé tiẹ̀. Ẹnjiníà gbé tiẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún igbákejì ọ̀gá ò kúrò nínú àpò.

"Eré ọmọdé lẹ fẹ́ fi ṣẹ̀rí?" Igbákejì ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó. Nínú àwòrán kìíní, kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin ló wà nínú ìdè, eyín gbogbo wọn kọjú síbì kan. Nínú ìkejì, wọ́n ku mẹ́ta, ẹni tó jókòó ti Ìyá sì ní ọwọ́ kan ṣoṣo lórí tábìlì. Èkejì wà nísàlẹ̀, ó ń tẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọṣẹ láti fi gbẹ́ òmíràn. Nínú ìkẹta, mẹ́rin ti padà pé, ṣùgbọ́n ọ̀kan kọ̀yìn sí àwọn yòókù. Ìkánjú ni wọ́n fi dá a padà."

Ó gba ìdè náà lọ́rùn Ìyá Akọ̀wé, ó gbé e sókè. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ṣì kọ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe yà á gan-an.

"Ọwọ́ tó kù lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, ọ̀tún ni. Ọmọńdinrín rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ẹ yọ ọwọ́ yín, sà."

Ọwọ́ jáde níkẹyìn. Ọmọńdinrín rẹ̀ tẹ̀.

"Ogún ọdún ni mo fi ń ya afárá níbí!" Omi lé sójú igbákejì ọ̀gá. "Wọn ò kọ́ ẹyọ kan. Ọmọ àná yà kan ṣoṣo, gbogbo ayé dìde. Mo fẹ́ dáná sun ún, mi ò lè sun ún. Ó rẹwà jù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà."

Nígbà tí wọ́n mú un lọ, ìsípẹ́kítọ̀ yíjú sí Ìyá Akọ̀wé. "Ìyá, ẹ̀rí yìí wà lọ́wọ́ yín látàárọ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

Ìyá ń wo ojú ewé náà bí ẹni tí kò rí i rí.

"Èmi ò rí i, sà. Ọwọ́ mi ló rí i."

Ọ̀gá àgbà fa àga tirẹ̀ gan-an fún un pé kó jókòó, òun sì wà lórí ìdúró.