Àmì Wo Ni Wọ́n Fi Rán Yín?

Ó ti rẹ Àdùkẹ́ kí ọkùnrin kan tó dé. Láti àárọ̀ ló ti ń tọ́jú ìyá àgbà tí ibà dá dùbúlẹ̀, ìwé ìdánwò rẹ̀ sì wà níbẹ̀ láìkà. Bàbá rẹ̀, Ràmọ́nì ahunṣọ, ti lọ ra òwú ní Ṣakí láti àná.

Alùpùpù Hónda kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó gùn ún kò tilẹ̀ wọlé jókòó.

"Ìwọ ni ọmọ Ràmọ́nì? Ọkọ̀ bàbá rẹ ti dojú dé. Wọ́n wà ní ọsibítù. Wọ́n ní kí n gba aṣọ òfì inú àpótí, kí a tà á, kí a fi tọ́jú wọn."

Àdùkẹ́ bojú wo àpótí náà. Aṣọ náà kì í ṣe tiwọn. Àyìnkẹ́ ọmọ àdúgbò ni bàbá rẹ̀ hun ún fún, kó lè wọ̀ ọ́ lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ Sátidé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àmì wo ni wọ́n fi rán yín?"

Bí Ràmọ́nì bá rán èèyàn wá gba ẹrù nílé, onítọ̀hún á mú fìlà rẹ̀ dání, tàbí ọ̀rọ̀ kan tí ará ilé nìkan mọ̀.

Ọkùnrin náà wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Bàbá rẹ ń pọ̀kàkà ikú, o ń bi mí ní àmì? Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn? Ó dáa, mo ń lọ. Bí wọ́n bá kú, ìwọ lo pa wọ́n."

"Ẹ má bínú sà. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ìyá àgbà."

"Kí arúgbó tó ń ṣàìsàn lè kú ṣìkejì? Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣe kíá."

Ojú ti Àdùkẹ́. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé kó má ja àgbà níyàn; ibẹ̀ gan-an ni olè gbà mú un. Ó gbé aṣọ jáde, ó sì tún kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń jà á lólè.

Kí wọ́n tó kírun Àlàásárì, Ràmọ́nì wọlé tòun tòwú. Kò sí ohun tó ṣe é. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Gbogbo gáréèjì ló gbọ́ ibi tí mò ń lọ láná," ó ní. "Ṣé o bi í ní àmì?"

"Mo bi wọ́n. Wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́."

Wọ́n jọ lọ sílé Àyìnkẹ́. Ìyá ọmọ náà kò pariwo. "Ràmọ́nì, kí ni ọmọ mi fẹ́ wọ̀?"

Agbádá sányán kan ṣoṣo tí bàbá Ràmọ́nì fi sílẹ̀ fún un, tó máa ń wọ̀ lọ́dún Iléyá, ló mú jáde, kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un rán ṣe ìró. Àdùkẹ́ ló fi bíléèdì tú ojú rírán rẹ̀, tomijé-tomijé.

"Ẹni tí mo bá rán kò ní bínú bí o bá bi í," ni bàbá rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Àmì tí kò ní ló fi ìbínú bò. Ẹni tó bá kó jìnnìjìnnì bá ọ, tí kò jẹ́ kí o ronú, tó tún ní o ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, òun gan-an ni kí o bi léèrè. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Kó bínú lọ sílé rẹ̀."

Àdùkẹ́ tú òwú tó kẹ́yìn. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kò lè bi bàbá rẹ̀ ní ohun tí bàbá náà yóò wọ̀ lọ kírun ní yídì.