Ọ̀nà Tí Labalábá Fi Etí Mọ̀

Labalábá jí kí oòrùn tó jí.

Lónìí ni wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́ lọ wo òkun.

Lọ́dọọdún, tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ìyá Labalábá á kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sí ilé kékeré kan nítòsí etíkun. Bàbá Àgbà, bàbá ìyá wọn, á wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Bàbá Àgbà náà á wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ni àyè Labalábá.

Á di Bàbá Àgbà mú pinpin. Á lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Á dijú, kí iyanrìn má baà wọ̀ ọ́ lójú.

Wìrì-wìrì-wìrì, táyà á máa yí.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, ẹsẹ̀ Labalábá ti gùn. Bó ṣe jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Wọ̀ọ̀ọ̀! Wọ̀ọ̀ọ̀!

"Háà!" ni Bàbá Àgbà wí. "Ṣé o fẹ́ fi ẹsẹ̀ túlẹ̀ fún wa ni?"

Ó wọlé. Ó gbé kẹ̀kẹ́ pupa kékeré kan jáde.

"Tìẹ nìyí, ọmọ mi. O ti dàgbà."

Inú Labalábá dùn. Àfi bí Bàbá Àgbà ṣe gbé Rọ̀bọ̀tọ̀, àbúrò rẹ̀, sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ńlá.

"Àyè mi nìyẹn!" ni Labalábá pariwo.

"Tèmi ni!" ni Rọ̀bọ̀tọ̀ dá a lóhùn. Ó yọ ahọ́n sí i.

Omijé fẹ́ bọ́ lójú Labalábá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

"Kò burú," ló wí. "Èmi ni mo máa ṣíwájú. Mo mọ ọ̀nà náà dáadáa."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bàbá Àgbà! Ṣebí ọdọọdún là ń gbà á."

"Ó dáa. Ìwọ ṣíwájú. Ojú mi á wà lára rẹ."

Gbì-ríín! Ó di ọ̀nà.

Labalábá kọjá ògiri búlúù kan. Hẹn-ẹn? Kò rí i rí.

Ó kọjá ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ìpẹja ṣe.

"Labalábá!" ni apẹja náà kígbe. "Ìwọ lo ga tó báyìí?"

"Ẹ káàárọ̀, sà!" ni Labalábá dáhùn. Ṣùgbọ́n ta nìyẹn? Apẹja mọ̀ ọ́n. Òun ò mọ apẹja.

Ni ọ̀nà bá pín sí méjì.

Kíììì! Labalábá tẹ búrèkì.

Ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún. Ọ̀kan lọ sápá òsì. Iyanrìn wà níhìn-ín, iyanrìn wà lọ́hùn-ún.

"Ibo la máa yà sí?" ni Rọ̀bọ̀tọ̀ béèrè.

"Ẹni tó wà níwájú ni kó o bi," ni Bàbá Àgbà wí.

Labalábá wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ojú rẹ̀ ò rí nǹkan kan tó mọ̀.

"Kò mọ̀ ọ́n! Kò mọ̀ ọ́n!" ni Rọ̀bọ̀tọ̀ ń kọrin.

"Ìwọ, panu mọ́!"

Labalábá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú pinpin. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé: wọ́n ti gba àyè mi. Ṣé wọ́n máa gba ọ̀nà mi náà ni?

Ó rò ó. Ó rò ó títí.

Ọdọọdún ló ń kọjá níbí. Àmọ́ ọdọọdún ló ń dijú!

Labalábá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. Ó wá dijú.

"Àbí oorun ń kùn ọ́ ni?" ni Bàbá Àgbà béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Àgbà. Mò ń wá ọ̀nà."

Bàbá Àgbà dákẹ́. Ó fi ìka kan Rọ̀bọ̀tọ̀ lẹ́nu, Rọ̀bọ̀tọ̀ náà dákẹ́.

Fùùù. Atẹ́gùn nìyẹn.

Kíyo, kíyo. Ẹyẹ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, láti ọ̀nà jíjìn, lápá òsì...

Kó. Kó. Kó-kó-kó.

"Òòlù!" ni Labalábá kígbe. "Káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi! Tí òòlù bá ti dún, òórùn búrẹ́dì ló kàn. Tí búrẹ́dì bá ti ta sánsán, afárá ló kàn. Òsì ni! Òsì ni ká yà sí!"

"Ó yá, aṣíwájú wa," ni Bàbá Àgbà wí.

Wọ́n yà sí òsì.

Kó-kó-kó! Káfíńtà náà rèé. Gbogbo ìgbà tí Labalábá ń gbọ́ òòlù yẹn, ó rò pé òmìrán ló ń lù ú ni. Káfíńtà kúrú! Fìlà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ẹ kú ìrìn o!"

Hmmm. Búrẹ́dì gbígbóná ń ta sánsán láti ojú fèrèsé kan. Fèrèsé náà ní kọ́tìnì pupa.

Gbàrà-gbàrà-gbàrà! Afárá onípákó rèé. Ẹja wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ta ló mọ̀ pé ẹja wà níbẹ̀?

Lẹ́yìn náà, hùùù-ṣáá. Hùùù-ṣáá.

Òkun!

Iyanrìn etí omi tutù, ó sì le. Ibẹ̀ fẹ̀. Kò sí pé ẹnì kan ń ṣíwájú, ẹnì kan ń tẹ̀ lé e. Bàbá Àgbà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Labalábá.

Labalábá yíjú wò ó.

Bàbá Àgbà ń rẹ́rìn-ín! Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbàgà bíi ti ọmọ kékeré. Atẹ́gùn ń fẹ́ irùngbọ̀n funfun rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

"Bàbá Àgbà, ṣé bẹ́ ẹ ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nìyí tá a bá dé ibí?"

"Lọ́dọọdún, ọmọ mi."

"Mi ò rí i rí."

"Báwo lo ṣe máa rí i? Ẹ̀yìn mi lo máa ń wà."

Labalábá ń wò ó. Ó ń wò ó ṣáá.

"Wojú ọ̀nà, jàre!" ni Bàbá Àgbà wí. "O máa gbé wa wọ inú òkun!"

Labalábá rẹ́rìn-ín. Ó wojú ọ̀nà.

Lẹ́yìn náà, ó tún yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.