Òkúta Nínú Àpò Èédú

"Kó òkúta sísàlẹ̀, kó èédú sókè," ni Àǹtí Thoko wí, ó sì bu omi wọ́n àwọn òkúta dúdú náà kí wọ́n lè máa dán. "Bí o bá ṣe é dáadáa, fóònù tuntun dé nìyẹn."

Sonto, ọmọ tó ń bá a di èédú tí ó ń tà, wo àwọn òkúta náà. Ó mọ èédú dáadáa. Bàbá Mtsweni, aládùúgbò wọn tó fi ọgbọ̀n ọdún wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ìlú eMalahleni ní Gúúsù Áfíríkà, ló kọ́ ọ. Bàbá a máa húkọ́, a sì máa sọ pé èyí tó dára jù, ọkọ̀ ojú irin ń kó o lọ sí èbúté fún iléeṣẹ́ àwọn ará òkèèrè. Èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń sun kí iná mànàmáná lè wà. Pàǹtírí rẹ̀ ló kù fún àwọn tó ń gbé lórí ihò tí wọ́n ti wa á. Ó ní òkúta tó bá gbé àwọ̀ èédú wọ̀, kí Sonto má fi í síná láé, nítorí yóò bú.

Ikọ́ náà ló pa Bàbá. Oúnjẹ ìsìnkú rẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ fi èédú yìí sè. Sonto rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, fóònù borí. Ó di òkúta àti èédú sínú àpò mẹ́wàá.

Ní àárọ̀ Sátidé, èéfín tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ bo àgbàlá. Àwọn òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ọ̀kan jó obìnrin tó ń ro páápù àgbàdo lọ́wọ́, òmíràn ta sínú ìkòkò ẹran. Nígbà tí àwọn èèyàn ti ibojì dé, tí wọ́n fọ ọwọ́ wọn ní ẹnu géètì gẹ́gẹ́ bí àṣà, ẹran tútù tó kún fún eérú ni wọ́n bá.

Àǹtí Thoko ní àwọn iléeṣẹ́ èédú ló tà á fún òun bẹ́ẹ̀.

Opó kì í dìde lórí ìbùsùn ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n Màmá Mtsweni dìde. Ó jáde wá, ó mú òkúta kan nílẹ̀.

"Irọ́ ni, Màmá," ni Sonto wí. "Èmi ni mo dì í. Mo mọ̀ pé òkúta ni."

Màmá dojú kọ ọ́. "Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa èédú gidi fún àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìwọ tó kọ́, òkúta lo fi sìnkú rẹ̀." Ó fi òkúta náà sí i lọ́wọ́, ó sì padà wọlé.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: Àǹtí Thoko nìkan ló ru àpò tó kù lọ, kò sì sẹ́ni tó tún ra èédú lọ́wọ́ rẹ̀. Sonto kò gba fóònù. Òkúta yẹn ṣì wà lójú fèrèsé rẹ̀, ó sì ń rí i láràárọ̀. Àgbà ló pàṣẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé ohun kan burú tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, òun náà ló jẹ̀bi.