Ìgò Omi Òkun

Ní ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde, ní 1959, Fọláyọ̀, olùkọ́ kan ní Bódìjà, àti Bándélé àbúrò rẹ̀ wọ rélùwéè ní Dúgbẹ̀, wọ́n fẹ́ lọ wo òkun l'Ékòó. Ìyá wọn ti fún Bándélé ní ìgò kan.

"Bá mi bu omi òkun bọ̀. Wọ́n ní ó níyọ̀, n ò gbà, àfi kí n tọ́ ọ wò."

Èkó ya Fọláyọ̀ lẹ́nu. Ọkọ̀ ojú omi tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ gúnlẹ̀ ní Àpápá, ilé tuntun ń yọ níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé etíkun, tó rí omi tí kò lódìkejì, ńṣe ló lanu sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn.

Moróunkẹ́, ìbátan wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì l'Ékòó, tó mú wọn wá síbẹ̀, nawọ́ sí aṣọ pupa táwọn apẹja so mọ́ igi.

"Bándélé, òkun ń bínú lónìí, má wọ inú rẹ̀. Omi tó wá sétí iyanrìn ń padà, ó sì ń fa èèyàn lọ. Bó bá fà ọ́, má bá a jà. Lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun títí yóò fi tú ọ sílẹ̀, kó o tó yà wá sókè."

"Ẹ̀gbọ́n mi, odò Ọ̀nà ni mo ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ o, kì í ṣe inú báàfù!"

Ó bu omi kún ìgò, ó gbé e fún Fọláyọ̀, ó sì padà sínú ìgbì. Àwọn àgbà kò kúkú purọ́: òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Lójijì omi fà á. Ó kọjú sí wọn, ó ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ tààrà bó ti máa ń ṣe lódò.

"Gba ẹ̀gbẹ́! Gba ẹ̀gbẹ́!" Moróunkẹ́ kígbe.

Apá Bándélé rọ. Fọláyọ̀ fẹ́ kó sómi, Moróunkẹ́ dì í mú. "Ṣé òkú méjì lo fẹ́ ká gbé délé ni?" Àwọn apẹja ju okùn, okùn kò dé ọ̀dọ̀ Bándélé, omi sì bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà òkun tún ń dán nínú oòrùn, ó tóbi, ó lẹ́wà, bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan.

Ìyá wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà l'Ágbowó nígbà tí Fọláyọ̀ dé.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Bándélé ń kọ́?"

Fọláyọ̀ kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ó na ìgò náà sí i. Ìyá wò ó títí ọ̀rọ̀ náà fi yé e. Ó ṣí ìgò, ó tọ́ omi náà wò.

"Iyọ̀ ni lóòótọ́," ó wí, ló bá figbe ta.

Ẹ̀yin ará òkè, ẹ lọ wo Èkó, ó tó ìran wò. Ṣùgbọ́n òkun kì í ṣe odò ilé yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì rí aṣọ pupa lórí igi, ẹ dúró lórí iyanrìn, nítorí ẹnìkan ń wọ̀nà fún yín nílé.